Àbọ̀ Ló Yẹ Bátìrì Tó Ń Sinmi

Bí NẸ́PÀ bá mú iná dé ní Àkúrẹ́, ì báà jẹ́ ní Ìjàpọ̀, ní Arákàlẹ̀ tàbí láwọn àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ tó yí ọgbà yunifásítì FUTA ká, nǹkan kan náà ni gbogbo ilé ń ṣe. A ó sáré ki gbogbo ohun tó ń gba iná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: fóònù, pawa-báǹkì, fáànù, àtùpà. A fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kún kí wọ́n tó tún mú iná wọn lọ. Ó ti pẹ́ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa ti di BEDC, síbẹ̀ ìwà yìí ò kúrò lára wa, kò sì sí ẹni tó lè bá wa wí. Fóònù tí a máa lò láàárọ̀ ọ̀la, ẹ jẹ́ kó kún. Ṣùgbọ́n bátìrì dúróònù, ti ọkọ̀ òfurufú ìṣeré, ti róbọ́ọ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò yẹ kó kún. Àbọ̀ ló yẹ kó wà bó bá ń sinmi nínú ilé. Bó bá fẹ́ rìnrìn àjò, ó tún yẹ kó dín sí àbọ̀.

Àwọn tó ní irú bátìrì yìí nílùú wa ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìnáwó bá wà, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí dúróònù tó ń ya àwọn tó wọ aṣọ ẹbí ní fídíò. Àwọn awọnlẹ̀ ń fi í ya ilẹ̀ láti òkè. Àwọn tó bá ń lọ sórí òkè Ìdànrè ń gbé e dání nítorí àwọn àpáta ńlá ibẹ̀ ò ṣeé yà tán láti ilẹ̀. Ní FUTA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń fi bátìrì wọ̀nyí kọ́ nǹkan tó ń fò àti nǹkan tó ń rìn. Ní ìlú Oǹdó náà, àwọn ayàfídíò tó ń lọ sóde ń kó o sínú báàgì wọn. Ìkẹjà, ní Computer Village, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rà á, tàbí kí ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bá wọn mú un bọ̀. Ìyẹn ni pé kò sí bátìrì kan nínú wọn tí kò rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ilé-iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ṣeé ṣáájì, irú tí wọ́n ń pè ní lithium-ion, jáde fún títà, ní 1991. Iṣẹ́ ìwádìí tó bí i ló mú kí wọ́n fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2019. Èyí tí àwọn onídúróònù ń pè ní LiPo, ìdílé kan náà ni. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò ní agolo irin tó le. Inú àpò pẹlẹbẹ rírọ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tín-ín-rín àti ike ṣe ni wọ́n dì í sí. Ìyẹn mú kó fúyẹ́. Ó sì lè tú agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé dúróònù kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣó kékeré kan lè gún un, bí dúróònù bá sì já lulẹ̀ gbì, àpò náà lè tẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ọgbẹ́ rẹ̀ láti ìta.

Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì náà. Bí ẹ bá rí 3S lára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni wọ́n so tẹ̀lé ara wọn; 4S jẹ́ mẹ́rin. Fóòltì 3.7 ni wọ́n ń kà fún sẹ́ẹ̀lì kan, nítorí náà 3S jẹ́ fóòltì 11.1. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kún pátápátá, mítà yóò ka 4.2. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 3.0, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tí ara ti ń rọ̀ ọ́ láti sinmi wà láàárín 3.8 sí 3.85, ìyẹn nǹkan bí àbọ̀. Ẹ̀yin tó ní bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ há àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí sórí: 4.2, 3.0 àti 3.8.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí kíkún fi jẹ́ ewu. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, apá méjì wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ fara kanra. Ike kan tí kò tilẹ̀ nípọn tó awọ inú ẹyin ló là wọ́n láàárín, omi kẹ́míkà tó sì rin gbogbo wọn jẹ́ irú èyí tó ń gbiná. Bí nǹkan bá gún ike náà, tàbí tí ooru tó nǹkan bí 130°C yọ́ ọ, apá méjèèjì á pàdé, agbára tó wà ní ìpamọ́ á sì tú jáde lójijì. Ooru rẹ̀ á ru àwọn kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì náà sókè, àwọn náà á tún mú ooru tiwọn wá, yóò sì ran sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nǹkan ti bọ́ sórí. Apá kan nínú bátìrì náà ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń jó, nítorí náà fífi aṣọ tútù bò ó kì í pa á bó ṣe ń pa iná epo orí ààrò. Èéfín rẹ̀ ní májèlé nínú. Ọ̀kan lára wọn ni hydrogen fluoride, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí bátìrì bá ṣe kún tó ni gbogbo èyí ṣe ń yá tó, òun náà ni ìjà rẹ̀ ṣe ń le tó. Èyí tó kún ò nílò ìyọnu púpọ̀ kó tó bú. Èyí tó wà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sábà máa ń wú, kó rú èéfín, kó sì tán síbẹ̀, láì ran èkejì rẹ̀ nínú páálí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìgbé ayé wa gan-an nìyí. Ayàfídíò kan ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó rí iná, ó ṣáájì bátìrì mẹ́fà kún. Lọ́jọ́ Sátidé náà, òjò rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, dúróònù ò jáde. Ó kó bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sínú báàgì, wọ́n sì wà níbẹ̀ ní kíkún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́ òrùlé páànù tó ń gbóná. Kò sí ohun tó burú tó ìyẹn fún LiPo, bí kò tilẹ̀ gbiná. Kíkún pẹ̀lú ooru ló ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀, òun náà ló sì ń mú kó wú. Bí iṣẹ́ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fà á wálẹ̀. Ṣájà tó dára ní ibi tí wọ́n kọ storage sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò fa èyí tó kún wálẹ̀, yóò sì fa èyí tó ti gbẹ sókè, títí gbogbo sẹ́ẹ̀lì á fi wà ní 3.8. Bí ṣájà yín ò bá ní in, ẹ fi bátìrì náà gbé dúróònù fò ní pápá títí yóò fi dín kù sí àbọ̀. Bátìrì dúróònù DJI ní ọpọlọ tirẹ̀: bó bá jókòó fún ọjọ́ mélòó kan láìsí lílò, fúnra rẹ̀ ni yóò máa jo agbára dànù díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ń rò pé bátìrì wọn ti bàjẹ́ nítorí pé wọ́n bá a ní àbọ̀ láàárọ̀. Ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju èyí lọ ni bátìrì tí a fi sẹ́nu ṣájà nígbà tí iná ò sí, pé bí wọ́n bá mú un dé kó máa gbà. Àwọn ṣájà ńlá tó ní bọ́tìnnì kì í bẹ̀rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnìkan tẹ̀ ẹ́. Àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ò ní bọ́tìnnì kankan. Bí iná bá ti dé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Iná lè dé ní aago méjì òru, kó sì wọlé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ilé ti sùn. Nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí tábìlì ṣájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí fèrèsé sì ní irin, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ sípò yẹn. LiPo kì í ṣe ohun tí a ń ṣáájì nígbà tí ojú ò sí lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ yọ ọ́.

Ibi ìpamọ́ ò nílò owó ńlá. Wọ́n ń ta àpò tí iná kì í jó fún un, ó dára, ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí wa tún dára. Ìkòkò amọ̀ tó nípọn, tí wọ́n da yanrìn gbígbẹ sí nídìí, lè gba bátìrì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ní púpọ̀ lè to búlọ́ọ̀kù bíi àpótí sí igun báránda tí òjò àti oòrùn ò ti ń dé, kó da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó gbé ọ̀rá yanrìn kan sókè àwọn bátìrì náà, kó sì fi kànkéré pẹlẹbẹ bo orí àpótí náà. Bí iná bá sọ nínú rẹ̀, ọ̀rá á yọ́, yanrìn á dà lé e lórí. Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ẹ má dí i pa. Bátìrì tó ń bú ń tú afẹ́fẹ́ púpọ̀ jáde, bí afẹ́fẹ́ náà ò bá sì ríbi gbà, àpótí irin tí ẹ rò pé ó ń dáàbò bo yín ló máa bú. Ìdérí ìkòkò gbọ́dọ̀ jókòó lásán ni.

Ẹ má gbé e sínú yàrá ibi tí ẹ ń sùn. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà gáàsì tàbí gálọ́ọ̀nù epo jẹnẹrétọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ń kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ iná sí. Inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn tún burú jù. Bí fèrèsé bá wà ní pípadé, ooru inú rẹ̀ lè kọjá 60°C, ó sì ti tó láti ba bátìrì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má dà á pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ tàbí skrúù nínú báàgì, nítorí irin lè so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀.

Ní ti iná tó bá ti ràn, àwọn èèyàn ń sọ fún ara wọn pé a kì í da omi sí iná mànàmáná. Òtítọ́ ni, bí wáyà náà bá ṣì wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ pa suwíìṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, omi púpọ̀ ni oògùn bátìrì kékeré tó ń jó, nítorí ooru ni a fẹ́ bá jà. Yanrìn ń dá iná dúró lójú kan, kò sì jẹ́ kó ta sí nǹkan míì, ṣùgbọ́n kò mú kí bátìrì náà tutù. Ó sì lè tún gbiná lẹ́yìn tó ti kú, nítorí náà ẹ má gbé e padà sínú ilé. Bí èéfín bá ti gba yàrá, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe 112.

Ìrìnàjò ló kù, òun náà ni mo rò pé a ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ọ̀pọ̀ bátìrì tó ń bọ̀ láti Èkó, wébíìlì ni wọ́n fi ń rán an. Olùtajà á gbé e lọ sí gáréèjì, awakọ̀ á gbà á, a ó san owó, ọkọ̀ á gba Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, kó tó wọ Àkúrẹ́. Lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú páálí, nítorí “ẹ̀rọ” tàbí “ṣájà” ni wọ́n pè é. Ìdí tí wọ́n fi ń fi pamọ́ yé mi: wọ́n ń bẹ̀rù pé awakọ̀ á kọ̀ ọ́ tàbí á fi owó kún un. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò mọ̀ á gbé e sí ibi tó bá rí. Nínú bọ́ọ̀sì HiAce tí a mọ̀ dáadáa, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n sábà ń ki páálí kékeré sí kó má baà sọnù. Ibi tó gbóná jù lọ nínú ọkọ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ búùtù ni, àpò gàrí àti ẹ̀rọ ìlọta lè wà lórí rẹ̀ títí dé Àkúrẹ́. Awakọ̀ náà àti gbogbo èrò tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi ẹ̀mí wọn gbé ẹrù tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lè sọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì dúróònù ló wà níbí o. Mo ti fà á wálẹ̀, mo sì ti di ẹnu wáyà ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù wúwo lé e.” Awakọ̀ lè bi í pé, “Àbúrò, ṣé kò ní bú mọ́ mi lọ́wọ́?” Ìdáhùn tó tọ́ ni: “Bí ẹ bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà tàbí ẹ rí èéfín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo èrò bọ́ọ́lẹ̀ ná. Ẹ má dá bátìrì náà rò.” Bí awakọ̀ bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíì tó máa gbà á tọkàntọkàn.

Kó tó dé ọwọ́ awakọ̀, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ fi téèpù dúdú àwọn oníná lẹ ẹnu wáyà pupa àti dúdú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má gbàgbé ẹnu wáyà kékeré funfun tó ń pín agbára fún sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ fi fóòmù sí àárín wọn, kí páálí wọn le, kó má sì sí àyè tí wọ́n ti lè máa gbá kiri. Ẹ kọ “BÁTÌRÌ LÍTÍỌ́Ọ̀MÙ” gàdàgbà sí ara rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Òyìnbó, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á. Èyí tó bá ti wú, tó ti tẹ̀, tàbí tó ti bọ́ látojú òfurufú, kí ó má wọ ọkọ̀ rárá. Bákan náà ni ti sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú lára lápútọ́ọ̀pù àlòkù, tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ pawa-báǹkì ọwọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ti bàálù ní òfin tó ṣe kedere, ó sì jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn kọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2010, bàálù akẹ́rù UPS kan gbéra ní Dubai. Iná bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹrù tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, èéfín gba iwájú bàálù títí àwọn awakọ̀ ò fi rí ohun tó wà lójú wọn mọ́, ó já, àwọn méjèèjì sì kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2016, àjọ ICAO, tó ń ṣe òfin ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ní kí wọ́n má kó bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ṣeé ṣáájì ní òun nìkan bí ẹrù sínú bàálù èrò mọ́, kí èyí tó bá sì máa wọ bàálù akẹ́rù má kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ṣòfin yẹn mọ̀ pé kíkún rẹ̀ ló ń pààyàn.

Fún ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ wọ bàálù lọ sí Èkó tàbí Àbújá, tàbí ẹbí tó ń bọ̀ láti òkè òkun, iye wáàtì-wákàtí ló ṣe kókó. Ẹ sọ iye mAh tí wọ́n kọ sára bátìrì di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, kí ẹ wá fi fóòltì sọ ọ́ di púpọ̀. Bátìrì 3S tó jẹ́ 2200 mAh: 11.1 lọ́nà 2.2 jẹ́ wáàtì-wákàtí 24.4. Èyí tí kò bá ju 100 lọ ò ní wàhálà. Láàárín 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù, méjì péré sì ni wọ́n ń gbà. 6S tó jẹ́ 5000 mAh bọ́ síbẹ̀, 111 ni. Èyí tó bá kọjá 160, bíi ti dúróònù ńlá tó ń fọ́n oògùn sí oko, èrò kankan ò lè gbé e. Inú báàgì ọwọ́ ni bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe àpótí tí a fi sílẹ̀ fún wọn láti kó sábẹ́ bàálù. Ẹ bá àwọn ará wa ní Peckham àti Houston sọ ọ́ kí wọ́n tó di àpótí, nítorí àárín aṣọ ni ọ̀pọ̀ ń fi bátìrì sí kó má baà fọ́. Bí iná bá sọ nínú báàgì ọwọ́, ojú èèyàn á rí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2025, iná sọ nínú àpótí ẹrù tó wà lókè orí ìjókòó nínú bàálù Air Busan kan lórílẹ̀-èdè Kòríà Gúúsù kó tó gbéra. Gbogbo èèyàn 176 inú rẹ̀ ló jáde láàyè. Pawa-báǹkì ni àwọn tó ṣèwádìí fura sí.

Bí páálí bá ti dé gáréèjì Ìléṣà tàbí ti Benin ní Àkúrẹ́, kí ẹni tó ń gbà á tú u wò níta kó tó gbé e wọlé. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, ẹ wo ikùn rẹ̀ bóyá ó wú, ẹ fi mítà ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ka 3.6 nígbà tí àwọn yòókù ka 3.8, ẹ má ṣáájì rẹ̀. Ẹ fi tó olùtajà létí pẹ̀lú àwòrán, ẹ má fi wébíìlì dá a padà.

Èyí tó bá ti kú pátá, ẹ so gílóòbù mọ́tò mọ́ ọn níta gbangba, kó máa tàn títí kò fi ní agbára kankan mọ́, kí ẹ wá lẹ ẹnu wáyà rẹ̀. Ẹ má jù ú sínú dọ́sítíbìn. Ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí ni wọ́n ti ń dáná sun ún, àwọn ọmọ tó ń ṣa irin sì ń fọwọ́ já ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Ní Èkó, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Hinckley Recycling ń gba àlòkù ẹ̀rọ oníná. Bí àwọn ayàfídíò Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó bá ń kó tiwọn jọ sójú kan, tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, tí a ti di ẹnu wáyà wọn, ẹnìkan tó ń lọ sí Èkó nínú ọkọ̀ ara rẹ̀ lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.